Orí Kẹta: Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Kíláàsì

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá, gbígbá àgbàlá ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe kí agogo àárọ̀ tó lù. Ìgbálẹ̀ á máa dún ṣàà-ṣàà, ìràwé máńgòrò á di òkìtì, wọn á ṣáná sí i, ilẹ̀ á sì mọ́ tónítóní. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé, ilẹ̀ tí kò ní aṣọ lára mọ́ yìí náà ni àgbàrá á kọjú sí. Ọdún díẹ̀ sí i, gbòǹgbò máńgòrò á yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó, ìpìlẹ̀ kíláàsì á hàn, ewúrẹ́ á sì rí ibi sùn sí lábẹ́ rẹ̀. Nínú kíláàsì yẹn kan náà, olùkọ́ á kọ ìtumọ̀ bí àgbàrá ṣe ń wọ́ ilẹ̀ lọ sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọn á há a sórí, wọn á sì tú u jáde nínú ìdánwò. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n yọjú lójú fèrèsé.

Nítorí fèrèsé yẹn ni a ṣe kọ orí yìí. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 ni ọ̀rọ̀ kàn, láti JSS 1 dé JSS 3. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta, erùpẹ̀, òjò, ewéko àti ẹranko fọ́n káàkiri inú iṣẹ́ wọn: díẹ̀ wà nínú Basic Science, díẹ̀ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, díẹ̀ nínú Social Studies, tó fi jẹ́ pé ọmọ kì í mọ̀ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlànà tí orí yìí tẹ̀ lé rọrùn láti sọ, ó le díẹ̀ láti ṣe: kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

Ògiri tó ń ka ọdún

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní owó nínú. Olùkọ́ á kó kíláàsì yí ọgbà ká, wọn á wá ògiri tó pẹ́ jù lọ. Nǹkan méjì wà lára rẹ̀ tí ojú ti rí títí tí kò kà á sí mọ́. Èkíní ni àbàwọ́n pupa tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó sì lè ga dé orúnkún. Èkejì ni ibi tí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri parí sí, tí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ tí kò yẹ kí oòrùn rí wá wà ní gbangba lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kán òjò ló kun ògiri ní pupa. Èyí tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ lásán á ta erùpẹ̀ sókè, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ òkúta sínú ẹrẹ̀. Kí àwọn ọmọ fi rúlà wọn bí àbàwọ́n náà ṣe ga tó níwájú, níbi tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́, kí wọ́n tún lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ilé, níbi tí koríko bo ẹsẹ̀ ògiri. Olùkọ́ kò tíì sọ gbólóhùn kan nípa bí ewé ṣe ń dáàbò bo ilẹ̀ tí ọmọ kan á ti pariwo pé: "Sà, koríko ni kò jẹ́ kó ta!" Gbólóhùn yẹn ni kí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà, bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ní ti ìpìlẹ̀, ìṣirò ló kù. Wọn á wọn ibi tó hàn, láti etí sìmẹ́ǹtì dé ilẹ̀. Wọn á bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí bàbá ọlọ́dẹ léèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà; nígbà mìíràn, ọdún ọ̀hún wà lára ògiri fúnra rẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ bá hàn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí ilé sì ti pé ogójì ọdún, mílímítà 5 ni ilẹ̀ ń fi sílẹ̀ lọ́dún. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mílímítà 5 lórí àgbàlá tó gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní mítà 40, jẹ́ kúbíìkì mítà 10 erùpẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ju ẹrù típà kékeré méjì lọ. Níbo ló ń lọ? Kíláàsì á tọ ipa àgbàrá lẹ́sẹ̀, láti àgbàlá dé gọ́tà, láti gọ́tà dé ibi tí gọ́tà ti dí, títí dé odò bí odò bá wà nítòsí.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ tán. Omi tó ń dà láti orí páànù ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ju àárín àgbàlá lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìṣirò wọn ti pọ̀ jù. Kí ni wọ́n lè wọ̀n tí páànù kò dé? Gbòǹgbò máńgòrò wà níbẹ̀. Òpó bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣeé gbára lé ti ń ṣe sáyẹ́ǹsì, kódà bí kò bá tíì rí ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí rí.

Òjò inú ìgò

Ìgò ike olómi, èyí tí ara rẹ̀ gún régé láìní ìbàdí, ni wọn á fi ṣe òṣùwọ̀n òjò. Wọn á gé e ní èjìká, wọn á dojú apá òkè dé láti fi ṣe àrọ, wọn á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kó má baà ṣubú. Wọn á bu omi sí i títí tí yóò fi bo òkúta náà, ibẹ̀ á sì jẹ́ òdo. Láti òdo yìí ni wọn á ti lẹ rúlà mọ́ ara ìgò. Kó wà ní gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé, kí búlọ́ọ̀kù méjì há a mọ́ àárín. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni wọn á máa kà á, lẹ́yìn náà wọn á da omi rẹ̀ padà sí òdo. Ọmọ tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ọgbà jù ni iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè já lé léjìká, ó sì yẹ kí kíláàsì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, nítorí òjò kì í mọ ọjọ́ ìsinmi.

Mílímítà òjò kan, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, jẹ́ lítà omi kan gééré. Bí ọmọ bá mọ èyí, nọ́ńbà òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2011, nǹkan bíi mílímítà 187 òjò rọ̀ sórí Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú, omi sì gbé afárá lọ. Kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 8, á ti gba lítà omi tó tó 15,000 lóru ọjọ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì olólítà 25 ọ̀nà 600 nìyẹn. Kí olùkọ́ pọn kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo kún, kí ọmọ mẹ́ta gbé e ní àgbégbà yí kíláàsì ká, kí wọ́n wá ro ọ̀nà 599 tó kù, kí wọ́n sì rántí pé láti orí òrùlé kan péré ni. Ìbàdàn ní iye òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ilẹ̀ tó sì wà láàárín wọn, tó yẹ kó fa omi mu, ti di sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà títì.

Iṣẹ́ ilé tó tẹ̀ lé e dùn. Kí ọmọ béèrè nípa Omíyalé lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ ní àárín Ìbàdàn, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń fi ọjọ́ náà ka ọjọ́ orí ọmọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ọmọ gbé lọ sílé: níbo ni omi dé lára ògiri? Kí ló wà létí odò nígbà yẹn tí kò sí mọ́? Kí ló wà níbẹ̀ báyìí tí kò sí tẹ́lẹ̀? Ìdáhùn tí wọ́n bá kó wá sí kíláàsì máa ń yàtọ̀ síra wọn, ìyàtọ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì.

Ọsàn wẹ́wẹ́ lórí òkúta

Abẹ́òkúta ní oríire tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Àpáta Olúmọ wà láàárín ìlú: akọ òkúta tó ti yọ́ rí nínú ooru abẹ́ ilẹ̀, tó wá rọra tutù, tó sì dì ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá sì gba ọ̀nà Èkó, kò ní pẹ́ kó tó dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ṣe sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bíi 1960. Òkúta Ewékorò kò mọ ooru bẹ́ẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì, láti ara ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi, ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun gun orí ilẹ̀ dé ibẹ̀. Ìtàn méjì tó jìnnà síra tó báyìí, ọkọ̀ akérò kan ló so wọ́n pọ̀.

Ègé kọ̀ọ̀kan lára òkúta méjèèjì, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ìṣó kan àti ìkarahun ìgbín ti tó fún ẹ̀kọ́ wákàtí kan. Ọmọ á fi ìṣó ha òkúta Ewékorò títí tí yóò fi yọ lẹ́búlẹ́bú funfun, á fún ọsàn sí i, á sì dẹtí. Á hó wúyẹ́wúyẹ́. Á fún un sára akọ òkúta, kò ní hó. Á wá fún un sára ìkarahun ìgbín tí wọ́n ti ha bákan náà. Ó hó! Kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan níbí. Èyí ni ibi tó nira jù fún olùkọ́ nínú gbogbo orí yìí, nítorí ìdáhùn á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ló dé tí òkúta ń hùwà bí ìkarahun ìgbín? Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè náà, àwọn ọmọ fúnra wọn á dé òkun.

Akọ òkúta náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ọ̀tun, tí wọ́n gbé e sí oòrùn, oríṣi hóró mẹ́ta ló máa ń hàn sí ojú lásán: èyí tó mọ́ gaara bí ìgò, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, àti èyí tó dúdú, tó ń kọ mọ̀nà bí ìpẹ́ ẹja. Òjò àti oòrùn ń jẹ òkúta yìí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó funfun ń jẹrà di amọ̀. Èyí tó dà bí ìgò kì í jẹrà, yanrìn ló ń dà. Irin tó wà nínú èyí tó dúdú ń dípẹtà bí ìṣó tí òjò pa, òun ló sì ń mú kí ilẹ̀ wa pọ́n. Amọ̀ tí amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò àti yanrìn tí bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Láti fi ìyẹn hàn, kí wọ́n bu erùpẹ̀ ọgbà sínú ìgò dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí wọ́n da omi lé e, kí wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́búlẹ́bú díẹ̀ sí i, kí wọ́n mì í dáadáa, kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Yanrìn á ti balẹ̀ kí wọ́n tó ka ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kúnná jù ú lọ á balẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ lè lo ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á ṣì dà bí ògì tí wọn kò tíì sẹ́. Ìràwé tó ti jẹrà á léfòó. Bí kíláàsì bá bu erùpẹ̀ abẹ́ máńgòrò sínú ìgò kan, tí wọ́n bu ti àgbàlá gbígbá sínú òmíràn, ìgò méjèèjì kì í bára dọ́gba.

Ohun tó le jù láti kọ́ ọmọ ni ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé. Okùn tó gùn ní mítà 46 ṣe é, orí pápá bọ́ọ̀lù sì gbà á. Ayé ti tó 4,600 mílíọ̀nù ọdún, nítorí náà mítà kan dúró fún 100 mílíọ̀nù. Ọmọ kan á dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ okùn, òmíràn ní òpin, tí í ṣe òní. Ẹni tó gbé káàdì Olúmọ á dúró ní mítà 6 sí òní. Ẹni tó gbé Ewékorò á dúró ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ènìyàn bíi tiwa, tó ti wà ní nǹkan bíi 300,000 ọdún, gba mílímítà 3 péré. Òkú ènìyàn tí wọ́n hú jáde ní Ihò Eléérú, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 1965, tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́tàlá, kò ju sísanra bébà kan lọ sí òní. Ìlú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1830, kò hàn lára okùn rárá. Àwọn ọmọ Abẹ́òkúta kì í gbàgbé èyí.

Orúkọ tí ilẹ̀ ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀

Ọmọ tó bá ti gbọ́ "ilẹ̀dú" nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ tó dúdú lọ́ràá. Ẹni tó bá gbọ́ pé oko bàbá òun ti ṣá ti mọ̀ pé ilẹ̀ lè rẹ̀, ó sì lè fi ara rẹ̀ rí ìdí tí wọ́n fi ń pe aṣálẹ̀ ní aṣálẹ̀. Àkùrọ̀, ọ̀dàn, ẹ̀gàn, igbó kìjikìji, ìràwé, àgbàrá, ọ̀yẹ́: ìmọ̀ nípa àyíká kún inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí ìwé tó dé. Ó dun òǹkọ̀wé yìí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ wọ́n nínú kíláàsì.

Ẹ̀rí pé Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tuntun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ tó kù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí ẹ̀kọ́ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, kò sì pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò BECE, ó sì yẹ kí ọmọ mọ orúkọ nǹkan ní èdè yẹn. Àmọ́ kó kọ́kọ́ mọ nǹkan náà.

Ẹni tó yẹ kí wọ́n pè wá sí kíláàsì ni àgbẹ̀ àdúgbò, bóyá bàbá àgbà ọ̀kan nínú wọn. Kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kí i, kí wọ́n sì ti mú ìbéèrè dání: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń mọ ilẹ̀ tó máa gba iṣu?" Bàbá kì í sábà fi ẹnu dáhùn. Á tẹ̀ ba, á bu erùpẹ̀, á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á sì ṣí ọwọ́: "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Bó bá dì báyìí bí ẹ̀bà, iṣu ò ní ráyè sanra. Bó bá tú pátápátá, kò ní gba omi dúró." Ìdánwò tí àwọn onímọ̀ erùpẹ̀ ń ṣe lóko náà ló ṣe yẹn. Kí àwọn ọmọ fún erùpẹ̀ tiwọn bákan náà, kí wọ́n sì fi wé ohun tí ìgò ti sọ fún wọn.

Mítà kan níbùú, mítà kan lóròó

Okùn mítà mẹ́rin àti èèkàn mẹ́rin ni wọn á fi pààlà sórí ilẹ̀. Ààlà kan á wà lábẹ́ máńgòrò, níbi tí ìràwé wà. Òmíràn á wà láàárín àgbàlá gbígbá. Igi ni kí wọ́n fi ṣí ìràwé, kì í ṣe ọwọ́, nítorí àkekèé. Wọn á ka gbogbo ohun tó ń mí: ekòló, ọ̀kùn, èèrà, ikán, aláǹtakùn, ìgbín kéékèèké. Lágbàlá gbígbá, èèrà ló sábà máa ń jẹ́ gbogbo iye wọn. Ekòló ló ń lu ilẹ̀ níhò tí òjò ń gbà wọlé. Níbi tí kò bá sí, orí ilẹ̀ ni omi ń gbà, tó sì ń di àgbàrá. Báyìí ni ìwé òjò, ìwé erùpẹ̀ àti ìwé ẹranko ṣe ń di ìwé kan lọ́wọ́ ọmọ.

Kí wọ́n tún ri nǹkan mẹ́rin mọ́lẹ̀ nínú àpò àlùbọ́sà alásẹ́: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bébà, aṣọ òwú àti ọ̀rá omi. Kí wọ́n hú wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹrin àti ìkẹjọ. Àlàyé kò pọ̀ lórí èyí. Ọ̀rá omi tí wọ́n hú jáde tí àkọlé rẹ̀ ṣì ṣeé kà ti sọ tirẹ̀ tán.

Bí ọ̀gán bá wà nítòsí, kí wọ́n má ṣe wó o. Ilé ẹ̀kọ́ ni. Oríṣi ikán kan wà tí kò lè fúnra rẹ̀ da igi àti ìràwé tó ń kó wọlé. Inú ọ̀gán ló ti ń fi wọ́n gbin olú, olú náà ló ń bá a sọ wọ́n di oúnjẹ. Àwọn olú tí àwọn ìyá ń ṣà nítòsí ọ̀gán lẹ́yìn òjò, òdòdó oko ikán ni wọ́n. Èsúnsún tí ọmọ fi abọ́ omi mú lábẹ́ iná lálẹ́ òjò àkọ́rọ̀, ọmọ ilé ikán náà ni, ó ń lọ tẹ ìlú tuntun dó. Ta ni ó ń jẹ èsúnsún yàtọ̀ sí ènìyàn? Adìẹ, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́, àdán. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba orúkọ ẹ̀dá kan, kí wọ́n fi òwú so ẹni tó ń jẹ mọ́ ẹni tí wọ́n ń jẹ. Kí olùkọ́ wá ní kí ikán jókòó, kí gbogbo ẹni tí òwú rẹ̀ bá fà gbé ọwọ́ sókè. Òwú náà máa ń fa ọ̀pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ etí omi ní tiwọn. Ní Èkó, wọ́n kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa rí ọ̀nà wọlé. Ìgbì tó ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn bá ìdènà pàdé: yanrìn ń kún lápá kan, òkun sì ń jẹ Bar Beach lápá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé mì. Ọmọ tó ń gbé nírú ibẹ̀ kò nílò àpẹẹrẹ láti inú ìwé. Kó ri èèkàn mọ́ etíkun, kó sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù.

Ilẹ̀ mẹ́ta ní Olókèméjì

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ pé irú iṣẹ́ wọn yìí kì í ṣe eré, kó sọ ìtàn Olókèméjì fún wọn. Igbó ìjọba ni, létí odò Ògùn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ sí mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ń sun èkíní lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ dé góńgó tí iná sì ń ké ràràrà. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn ọdún 28, ilẹ̀ tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí iná kò dé ti ń di igbó, igi ti pàdé lókè, òjìji wọn sì ti ń pa koríko. Òjò kan náà ló rọ̀ sórí wọn. Erùpẹ̀ kan náà ni. Iná nìkan ló yàtọ̀.

Bí owó ọkọ̀ bá wà, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo dára fún ìrìn àjò ọjọ́ kan. Nǹkan bíi héktà 75 ni, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ó sì wà lára àwọn igbó ńlá ìgbàanì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà. Kí ọmọ gbé òṣùwọ̀n ooru lọ: kó ka ooru ní ìta lójú títì, kó tún kà á lábẹ́ igi, kó sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ibẹ̀ jẹ́ ilé ìjọsìn wọn.

Iṣẹ́ ìta ní ìṣòro. Kíláàsì ọmọ 60 kò lè yí ààlà kan ká. Ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà ló dára, kí ẹnì kan máa wọ̀n, kí ẹnì kan máa kọ, kí wọ́n máa yí i ká. Kí wọ́n wọ bàtà, nítorí ejò. Kí wọ́n fọ ọwọ́. Kí wọ́n má ṣe fún ọsàn sójú ara wọn. Bí ààrá bá ti ń sán, kí gbogbo wọn wọlé. Olùkọ́ tó ń bẹ̀rù pé ìwé iṣẹ́ kò ní parí lè fi ìṣẹ́jú ogún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀; ògiri àti ìgò òjò kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ògiri yẹn náà ni kí wọ́n fi parí ọdún. Kíláàsì JSS 1 á fi ọ̀dà fa ìlà sára ìpìlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ dé lọ́jọ́ náà gan-an, wọn á sì kọ ọjọ́ sí i. Wọn á pín iwájú kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Wọn á máa gbá apá kan bí ìṣe wọn. Apá kejì, wọn á fi ìràwé rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀. Wọn á wọ̀n ọ́n ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá fi máa wà ní JSS 3, wọn á ti ní nọ́ńbà ọdún méjì, Olókèméjì kékeré tiwọn. Kí olùkọ́ ti bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti tíṣà tó ń bójú tó iṣẹ́ àárọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì gbé pátákó kékeré kan sí apá kejì yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: Ẹ MÁ GBÁ IBÍ.